Bí Ara Ọmọdé Ṣe Ń Mọ Ojú Ibà

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹ̀jẹ̀ ọmọ méjì bẹ̀rẹ̀. Èkíní jẹ́ ọmọ ọdún méjì. Ara rẹ̀ gbóná janjan, ó ti bì títí kò fi ku nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́, kò sì lè gbé orí rẹ̀ kúrò léjìká ìyá rẹ̀. Èkejì ti pé ọdún mẹ́sàn-án, kò sì sóhun tó ń ṣe é. Wọ́n kàn ń yẹ ẹ̀jẹ̀ gbogbo ọmọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ wò ni. Ohun kan ṣoṣo tó wà lọ́kàn tiẹ̀ ni pé kí wọ́n tètè fi ìka òun sílẹ̀, kí òun lè padà sídìí bọ́ọ̀lù.

Ẹni tó bá ti jókòó sídìí maikirosíkóòpù rí mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. A ó kán ẹ̀jẹ̀ sórí gíláàsì pẹlẹbẹ, a ó tẹ́ ẹ, a ó jẹ́ kó gbẹ, a ó da aró Giemsa lé e lórí, a ó sì fi omi ṣàn án. Tó bá ti gbẹ, a ó kán òróró díẹ̀ sí i, a ó wá tẹjú mọ́ ọn. Sẹ́ẹ̀lì funfun tóbi, aró sì ti sọ ọ́ di àwọ̀ àlùkò, kì í pẹ́ẹ́ rí. Kòkòrò ibà, ìyẹn màlárià tí ẹ̀fọn ń gbé kiri, ló ń gba sùúrù: òrùka tín-ín-rín, tí àmì pupa kan dúró sí etí rẹ̀. A ó máa kà wọ́n títí sẹ́ẹ̀lì funfun tá a rí yóò fi pé 200, a ó wá fi ìṣirò mọ iye tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà. Iṣẹ́ náà ń dun ọrùn, ó sì ń dun ojú.

Ó lè ṣẹlẹ̀ pé iye kòkòrò tá a máa kà nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù kò ní jìnnà sí èyí tá a kà nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ tí wọ́n gbé wá. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí irú rẹ̀, ṣe ni mo tún nọ́ńbà tó wà lára gíláàsì náà wò, bóyá wọ́n ti ṣi tọ̀hún mú fún tìhín. Wọn ò ṣì í mú. Ọ̀gá tó ń kọ́ mi níṣẹ́ kò tiẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Ara ẹ̀ ti mọ́ ọn ni."

Gbogbo wa la máa ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Òótọ́ sì ni, ara a máa mọ́ ibà. Àmọ́ àwa tá a dàgbà la máa ń sọ ọ́, àwa tó mọ́ lára. Àwọn tí kò mọ́ lára kò sí níbẹ̀ láti dá sí ọ̀rọ̀ náà. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ tú gbólóhùn yẹn palẹ̀ díẹ̀: kí ni ara ń kọ́, báwo ló ṣe ń kọ́ ọ, kí ló dé tó ń pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, àti pé ṣé dandan ni kí ọmọ ṣàìsàn kó tó mọ̀ ọ́n?

Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti kíyè sí ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1899 sí 1900, Robert Koch, dókítà ará Jámánì tó ṣàwárí kòkòrò tó ń fa ikọ́ ẹ̀gbẹ, lọ sí erékùṣù Java àti New Guinea. Ó gba ẹ̀jẹ̀ tọmọdé tàgbà, ó sì tò wọ́n ní ọjọ́ orí ọjọ́ orí. Níbi tí ibà ti gbilẹ̀, ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ kéékèèké kún fún kòkòrò. Bí ọjọ́ orí ṣe ń gòkè ni kòkòrò ń dín kù, débi pé agbára káká lèèyàn fi ń rí i nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn àgbà. Ẹ̀fọn kan náà ló ń jẹ gbogbo wọn. Koch kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara wọn, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀, àti pé láti kékeré ló ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ tuntun kì í wá sáyé lọ́wọ́ òfìfo. Ní àwọn oṣù tó gbẹ̀yìn oyún, àńtíbọ́dì, ìyẹn èròjà tí ara ń ṣe láti fi gbógun ti àrùn, máa ń gba inú ibi ọmọ kọjá láti ara ìyá. Ohun tó bá ti mọ́ ìyá lára ni yóò fi ta ọmọ lọ́rẹ. Ẹ̀jẹ̀ tí a bí ọmọ pẹ̀lú rẹ̀ pàápàá yàtọ̀ sí tàgbà: irú hìmògílóbìn, ìyẹn èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀, tó wà nínú rẹ̀ kì í jẹ́ kí kòkòrò ibà dàgbà dáadáa. Wàrà ọmú sì rèé, kò ní púpọ̀ nínú èròjà tí wọ́n ń pè ní PABA, èyí tí kòkòrò náà nílò kó tó lè gbèrú. Ìdí nìyẹn tó fi ṣọ̀wọ́n kí ibà líle kọlu ọmọ oṣù méjì. Ṣùgbọ́n ẹ̀bùn tó ní ọjọ́ ìparí ni. Tó bá fi máa di nǹkan bí oṣù mẹ́fà, àńtíbọ́dì ìyá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá, ẹ̀jẹ̀ ọmọ ìkókó ti ń di ẹ̀jẹ̀ àgbà. Ọmọ á wá ku òun nìkan.

Àárín ìgbà yẹn sí ọdún márùn-ún ni ewu pọ̀ sí jù. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé ibà pa nǹkan bí 597,000 èèyàn ní 2023. Nínú ọgọ́rùn-ún tó kú, márùndínlọ́gọ́rùn-ún ló jẹ́ ará ìhà Áfíríkà, mẹ́rìndínlọ́gọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún àwọn wọ̀nyẹn ni kò sì tíì pé ọdún márùn-ún. Ẹ fi iye yìí sọ́kàn bí a ṣe ń bá ọ̀rọ̀ lọ.

Kí ló wá dé tí ara kì í fi í kọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan náà? Ọmọ tó bá ti ṣe ìta tán kì í sábà ṣe é mọ́ láyé rẹ̀. Ibà ò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ kan lè ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin láàárín ọdún kan.

Ọwọ́ kòkòrò náà fúnra rẹ̀ ni ìdáhùn wà. Èyí tó burú jù nínú wọn ni Plasmodium falciparum. Tí ẹ̀fọn bá jẹ ọmọ, yóò fi itọ́ rẹ̀ tu kòkòrò díẹ̀ sára rẹ̀, wọn kì í sábà ju ọgọ́rùn-ún lọ. Ẹ̀dọ̀ ni wọ́n ń sáré lọ. Wọ́n á farapamọ́ síbẹ̀ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, láìsí ibà, láìsí orí fífọ́, ẹyọ kan nínú wọn á sì di ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ìgbà tí wọ́n bá tú jáde wọ inú ẹ̀jẹ̀ ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan á wọ inú sẹ́ẹ̀lì pupa, á bí ọmọ níbẹ̀, á bẹ́ sẹ́ẹ̀lì náà, àwọn ọmọ á sì wọ inú sẹ́ẹ̀lì mìíràn, ní wákàtí méjìdínláàádọ́ta méjìdínláàádọ́ta.

Ọlọ inú wà níbẹ̀ láti máa sẹ́ ẹ̀jẹ̀, kó sì máa mú sẹ́ẹ̀lì tó bá ti bàjẹ́ kúrò. Kòkòrò náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń ti èròjà kan tó ń lẹ̀ jáde sí ara sẹ́ẹ̀lì tó bá wà nínú rẹ̀, PfEMP1 ni wọ́n ń pè é, kí sẹ́ẹ̀lì náà lè lẹ̀ mọ́ ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀, kó má baà dé ọ̀dọ̀ ọlọ inú rárá. Tó bá jẹ́ iṣan inú ọpọlọ ni wọ́n lẹ̀ mọ́, ìyẹn ni ibà tó ń mú gìrì àti dídákú wá.

Àmọ́ èròjà tó ń lẹ̀ yìí ni ara máa ń rí. Níta ló wà. Ara á ṣe àńtíbọ́dì sí i, á mú àwọn sẹ́ẹ̀lì náà, ibà á rọlẹ̀. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ wà: nǹkan bí ọgọ́ta ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kòkòrò kan ṣoṣo ní láti fi ṣe èròjà yìí, ẹyọ kan ló sì ń lò lẹ́ẹ̀kan. Olè tó ní ọgọ́ta aṣọ nínú àpótí ni. Bí àwọn ọdẹ bá ti dá ẹni tó wọ aláwọ̀ ewé mọ̀, ó ti bọ́ ọ sílẹ̀, ó ti wọ òmíràn. Kòkòrò tó wà lára ọmọ kejì sì ní ọgọ́ta tirẹ̀, tó lè má bá ti èkíní mu. Ọmọ tó bá ṣe ibà lónìí ti mọ aṣọ kan tàbí méjì. Ibà tó ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀ lè wọ èyí tí kò rí rí.

Ìwádìí kan wà tí mo fẹ́ràn gan-an, torí pé ó fi ọ̀rọ̀ yìí hàn lára ọmọ gan-an, kì í ṣe lórí bébà lásán. Ní Kilifi, létí òkun Kenya, wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀ lára àwọn ọmọ nígbà tí ara wọn le, wọ́n sì tọ́jú rẹ̀. Nígbà tí ibà wá mú àwọn kan nínú wọn, wọ́n gba kòkòrò tó mú wọn, wọ́n gbé e pàdé ẹ̀jẹ̀ tí ọmọ náà ti ní tẹ́lẹ̀. Kòkòrò tó mú ọmọ ṣàìsàn sábà máa ń jẹ́ èyí tí ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà kò mọ̀. Aṣọ tí ọmọ kò tíì rí ni kòkòrò gbé wọlé. Lẹ́yìn tí ara yá, ẹ̀jẹ̀ ọmọ kan náà ti wá dá a mọ̀. Ní 1998 ni wọ́n tẹ iṣẹ́ yẹn jáde. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ló ní àkójọ aṣọ tirẹ̀ tí ara rẹ̀ ti kọ́, ihò tó kù nínú àkójọ yẹn ni ibà sì ń gbà wọlé.

Àǹfààní kan wà nínú gbogbo èyí. Àwọn aṣọ tó ń fa ibà líle kò pọ̀ láàárín ọgọ́ta náà, wọ́n sì fara jọra ju àwọn yòókù lọ. Àwọn ni ọmọ sábà máa ń kọ́kọ́ bá pàdé, tó bá sì ti mọ díẹ̀ nínú wọn, ó ti bọ́ lọ́wọ́ èyí tó burú jù. Iṣẹ́ kan tí wọ́n gbé jáde ní 1999 tiẹ̀ dábàá pé àkóràn kan tàbí méjì lè tó láti dáàbò bo ọmọ lọ́wọ́ púpọ̀ nínú ibà líle, yàtọ̀ sí èyí tó ń wọ ọpọlọ. Ìdí nìyẹn tí ìdáàbòbò yìí fi ń wá ní ìpele ìpele. Ohun àkọ́kọ́ tí ara ń kọ́ ni bí kò ṣe ní kú. Tó bá ti ń sún mọ́ ọdún márùn-ún, níbi tí ẹ̀fọn ti pọ̀, ikú látọwọ́ ibà ti ń jìnnà sí i. Lẹ́yìn náà, láàárín ìgbà yẹn sí ìgbà ọ̀dọ́, ara ń kọ́ bí kò ṣe ní máa gbóná. Èyí tó kù, ìyẹn bí kòkòrò kò ṣe ní sí nínú ẹ̀jẹ̀ rárá, ọ̀pọ̀ àgbà ló ń kú láìkọ́ ọ tán.

Níbo la ti mọ̀ pé àńtíbọ́dì ló ń ṣiṣẹ́ yìí? Gambia. Nínú gbogbo ìtàn ibà, èyí ni mi ò lè kọjá lára rẹ̀ kíá.

Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí dókítà kan tó ń jẹ́ Ian McGregor ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ará abúlé Keneba wò. Ó ti rí àwọn ọmọ tí ibà ń gbé ṣánlẹ̀, ó sì ti rí àwọn òbí wọn tí ibà kò rí gbéṣe. Òun àti Sydney Cohen pẹ̀lú Carrington wá béèrè ohun tó rọrùn: tí a bá bu ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ bàbá, tí a fi sára ọmọ, ṣé ọmọ á gbà á lò? Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ àwọn àgbàlagbà ará Gambia, wọ́n yọ apá tí àńtíbọ́dì wà nínú rẹ̀, wọ́n sì fi í gún àwọn ọmọ kéékèèké tí ibà ń ṣe lọ́wọ́. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ibà rọlẹ̀, kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ wọn sì já wálẹ̀ gidigidi. Wọ́n fi àńtíbọ́dì àwọn àgbà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gún àwọn ọmọ mìíràn. Kò sóhun tó ṣe. Ẹ̀jẹ̀ àgbà ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tí kò rí ibà rí ni. Inú ìwé ìròyìn Nature ni wọ́n gbé èsì náà sí ní 1961.

Mo mọ̀ pé kò sí ìgbìmọ̀ tó máa fọwọ́ sí irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ lónìí, kí wọ́n máa wo ibà lára ọmọ láìkọ́kọ́ fún un lóògùn. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ohun tí iṣẹ́ yẹn fi hàn kò tíì yí padà. Ní 1991, wọ́n tún ṣe irú rẹ̀: àńtíbọ́dì tó wá láti ara àwọn àgbà ní Côte d'Ivoire ni wọ́n fún àwọn aláìsàn ibà ní Thailand, kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ tiwọn náà sì lọ sílẹ̀. Ó jẹ́ pé láàárín gbogbo aṣọ tí kòkòrò ń pààrọ̀, àwọn nǹkan kan wà lára rẹ̀ tó jọra láti ilẹ̀ kan dé òmíràn, àgbàlagbà tó ti pàdé rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún sì ti mọ̀ wọ́n. Ìrètí gbogbo àwọn tó ń wá abẹ́rẹ́ àjẹsára so mọ́ ibẹ̀.

Ṣùgbọ́n àńtíbọ́dì nìkan kò lè ṣàlàyé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án yẹn. Kòkòrò ṣì wà lára rẹ̀, ó pọ̀, ó sì ń gbá bọ́ọ̀lù.

Apá tí mo rò pé a kì í sábà mẹ́nu bà rèé. Kòkòrò ibà nìkan kọ́ ló ń mú ara gbóná. Ara fúnra rẹ̀ ló ń tan iná yẹn. Tí sẹ́ẹ̀lì pupa bá bẹ́, ìdọ̀tí inú rẹ̀ á tú sínú ẹ̀jẹ̀, àwọn ọmọ ogun ara á gbọ́n rìrì, wọ́n á tú èròjà jáde láti fi pe ẹgbẹ́ wọn, òtútù á bẹ̀rẹ̀, ooru á tẹ̀ lé e, orí á máa fọ́. Nínú ọmọ kékeré, ìbínú yìí lè kọjá ààlà, ó sì wà lára ohun tó ń pa á. Ara tó bá ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà máa ń kọ́ bó ṣe ń dín ìbínú kù. Àwọn olùwádìí rí i ní Uganda, nínú iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2014: irú sẹ́ẹ̀lì ajagun kan tó máa ń yára bínú sí kòkòrò ibà ń dín kù lára àwọn ọmọ tí ibà ń ṣe léraléra, ìhùwàsí àwọn tó kù sì ń rọ̀. Àwọn ọmọ tí èyí ṣẹlẹ̀ sí ní kòkòrò lára láìṣàìsàn. Nítorí náà, ẹ̀kọ́ méjì ni ara ń kọ́ pọ̀: bí a ṣe ń pa kòkòrò, àti bí a ṣe ń fara balẹ̀ nígbà tí kò bá tíì kú tán. Lójú tèmi, èkejì ló sún mọ́ ohun tí ọ̀gá mi ń sọ jù. Ó sì ní iye tó ń ná ọmọ, torí pé kòkòrò tí a fàyè gbà kì í jókòó lásán. Ó ń jẹ ẹ̀jẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀, ọmọ tó dà bíi pé ara rẹ̀ le lè máa rìn kiri pẹ̀lú àìtó ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀fọn tó bá sì jẹ ẹ́ yóò gbé kòkòrò náà dé ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ̀.

Kí ló dé tó ń pẹ́? Wọ́n béèrè ìyẹn ní abúlé Kambila ní Mali, níbi tí òjò àti ẹ̀rùn ti ya ara wọn sọ́tọ̀ kedere. Ìgbà òjò ni ibà ń jà. Tí ẹ̀rùn bá dé, ó di ọ̀pọ̀ oṣù kí ẹ̀fọn tó padà. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ṣáájú òjò, wọ́n tún gbà á lẹ́yìn ibà, wọ́n sì tún gbà á nígbà tí ẹ̀rùn ń parí lọ. Àńtíbọ́dì àwọn ọmọ fò sókè nígbà òjò, kí ẹ̀rùn tó parí, púpọ̀ nínú rẹ̀ ti wọlẹ̀ padà. Ti àwọn àgbà dúró. Ohun tó ń kù lọ́wọ́ ọmọ láti ọdún dé ọdún kéré, ó ń lé díẹ̀, ó ń lé díẹ̀. Wọ́n tún rí i pé ibà léraléra máa ń sọ apá kan nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kó máa rántí àrùn di èyí tí kì í dáhùn bó ṣe yẹ.

Mo ti rò ó tẹ́lẹ̀ pé iye ìgbà tí ibà ti mú èèyàn ló ń pinnu gbogbo rẹ̀. Àfi ìgbà tí mo kà nípa Papua. Ní àwọn ọdún 1980, ìjọba Indonesia ń kó àwọn ìdílé láti Java, níbi tí ibà kò ti pọ̀ mọ́, lọ tẹ̀dó sí Papua, ní apá ìwọ̀-oòrùn New Guinea, níbi tó ti gbilẹ̀. Bàbá, ìyá, ọmọ: ọjọ́ kan náà ni gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé ẹ̀fọn ibẹ̀, kò sẹ́ni tó ní ìrírí ju ẹnì kejì lọ. Kevin Baird àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé wọn. Láàárín nǹkan bí ọdún kan sí méjì, kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ àwọn àgbà ti kéré sí ti àwọn ọmọ. Iye ìgbà kan náà, èsì ọ̀tọ̀. Àgbà ń tètè kọ́ ọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lè le mọ́ ọn ju ti ọmọ lọ. Ọjọ́ orí fúnra rẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ara ọmọ ọdún méjì kò tíì gbó tó láti di ohun tó kọ́ mú.

Ìran náà ní ọwọ́ tirẹ̀ nínú rẹ̀. Ọmọ tó bá jẹ́ AS kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ibà líle. Anthony Allison ti fi ìyẹn hàn láti 1954. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ní Kilifi kan náà, wọ́n rí i pé ààbò AS lórí ibà kékeré kò dúró sójú kan. Ní ọdún méjì àkọ́kọ́, ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Nígbà tí àwọn ọmọ náà fi ń sún mọ́ ọdún mẹ́wàá, ó ti di 56, lẹ́yìn náà ló tún lọ sílẹ̀. Ó jọ pé ẹ̀jẹ̀ AS kì í kàn ṣe ìdènà, ó tún ń ran ara lọ́wọ́ láti tètè kọ́.

Ohun tí a kọ́ yìí sì ṣeé gbàgbé. Ọmọ tó dàgbà síbi tí ibà wà, tó wá lọ gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún níbi tí kò sí, tó bá padà dé, ibà lè gbé e dè. Ó lè ṣẹlẹ̀ sí odidi agbègbè. Ní òkè Madagascar, wọ́n lé ibà lọ tán bíi pé kò ní padà mọ́. Nígbà tí wọ́n dẹwọ́, ó padà wá ní ìparí àwọn ọdún 1980, ó bá àwọn èèyàn tí ara wọn kò mọ̀ ọ́n mọ́, tọmọdé tàgbà, ó sì pa wọ́n lọ́pọ̀lọpọ̀. Obìnrin tó lóyún àkọ́kọ́ náà mọ irú rẹ̀. Gbogbo ibà tó ti ṣe láti kékeré kò kọ́ ọ ní aṣọ kan tí kòkòrò ń wọ̀ láti fi lẹ̀ mọ́ ibi ọmọ, torí pé ibi ọmọ kò sí lára rẹ̀ nígbà yẹn. Oyún kejì àti ìkẹta ni ara rẹ̀ ń mọ̀ ọ́n.

Ìbéèrè tó ń dà mí láàmú jù lọ nìyí, àwọn ìyá sì ti bi mí ní irú rẹ̀ rí: tí a bá dí ibà lọ́wọ́ ọmọ, pẹ̀lú nẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú oògùn ìgbà òjò, pẹ̀lú abẹ́rẹ́, ṣé a ò ní fi ẹ̀kọ́ dù ú? Ìbéèrè gidi ni. Ní Kilifi, wọ́n tẹ̀ lé àwọn ọmọ tó gba RTS,S, ìyẹn abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà, lẹ́ẹ̀mẹta, fún ọdún méje. Ààbò náà lágbára ní ìbẹ̀rẹ̀, ó wá ń tán lọ. Níbi tí ẹ̀fọn ti pọ̀ jù, nígbà tó di ọdún karùn-ún, àwọn tó gba abẹ́rẹ́ ń ṣe ibà lọ́pọ̀ ìgbà ju àwọn tí kò gbà á lọ. Àwọn tí kò gbà á ti kọ́ tiwọn nínú ìyà.

Mo ti gbọ́ táwọn kan lo èsì yẹn láti sọ pé abẹ́rẹ́ náà kò wúlò. Mi ò gbà. Ẹ rántí ẹni tí ibà ń pa àti ọjọ́ orí tó ń pa á. Kí ibà mú ọmọ ọdún mẹ́fà tó lè sọ pé orí ń fọ́ òun, tí ẹ̀jẹ̀ wà lára rẹ̀, tí ara rẹ̀ ti gbó díẹ̀, kò jọ kó mú ọmọ oṣù mẹ́wàá. Ìyàtọ̀ ọdún mélòó kan yẹn ni ọmọ ń gbé inú rẹ̀ yè. Ní Ghana, Kenya àti Malawi, níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọ ní abẹ́rẹ́ yìí ní 2019, ikú ọmọdé lápapọ̀, láti ọwọ́ ohun yòówù, dín kù ní ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín àwọn tí ó tọ́ sí. Ọmọ tó kú kò kọ́ nǹkan kan. Ní October 2021 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí RTS,S, wọ́n sì fọwọ́ sí èkejì, R21, ní October 2023. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n ń gún ọmọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú méjèèjì, ẹ̀ẹ̀kẹrin sì wà níbẹ̀ nítorí pé ààbò náà ń tán lọ.

Nǹkan kan wà nípa abẹ́rẹ́ wọ̀nyí tí kì í jẹ́ kí n fi wọ́n wé ibà rárá. Ohun tí ibà ń kọ́ ara, inú ẹ̀jẹ̀ ló wà, lẹ́yìn tí olè ti wọlé. Àwọn kòkòrò díẹ̀ tí ẹ̀fọn tu sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, tí wọ́n ń sáré lọ sí ẹ̀dọ̀, kéré jù, wọ́n sì ń kọjá kíákíá jù fún ara láti mọ ojú wọn dáadáa. Àgbàlagbà tí ẹ̀fọn ti jẹ fún ogójì ọdún pàápàá kì í ní ààbò tó nípọn níbẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni RTS,S àti R21 ń dojú kọ. Ọmọ tó bá gbà wọ́n ń ní àńtíbọ́dì tí bàbá rẹ̀ àti ìyá rẹ̀ kò ní irú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí. Apá ti inú ẹ̀jẹ̀ ló ṣì kù, ìyẹn apá tí ẹ̀jẹ̀ àwọn àgbà Gambia fi hàn ní 1961. Ní báyìí, èròjà kan wà tí wọ́n ń pè ní RH5, tí kòkòrò kò lè ṣe aláìlò kó tó wọ inú sẹ́ẹ̀lì pupa, tí kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ pààrọ̀ rẹ̀. Wọ́n ti fi abẹ́rẹ́ tó dojú kọ ọ́ gún àwọn ọmọ kéékèèké ní Burkina Faso, ibà tó mú wọn sì dín kù sí tàwọn tí kò gbà á. Ohun tó kàn tí wọ́n ń dán wò ni kí wọ́n fi í pọ̀ mọ́ R21 lára ọmọ kan náà.